Orúnkún Tí Kò Gbọdọ̀ Tẹ̀

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, n kò sì gbà á gbọ́ nígbà náà, pé ohun tí yóò lé mi kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ìwé, kì í ṣe eré sísá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjọ́ orí. Ó ní orúnkún mi ni. Ó ní láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí a ti fẹ́ ara wa, òun kò tíì rí àgbàlagbà kan tí ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ní Ìgándò tí n kò dìde lórí ẹ̀rọ ìránṣọ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní nígbà mìíràn, ẹni náà kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa, ibi tí yóò ti tọ̀ ni ó ń wá.

Òótọ́ ni. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ọmọkùnrin bá jí láàárọ̀, àyà rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kàn án. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún àlejò tí ó wá sùn àti èyí tí ó wá jà. Nígbà tí mo fi dé ìlú Èkó láti wá ránṣọ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti di ti orúnkún fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti rí ewú lórí ẹnikẹ́ni, ó ń tẹ̀, kì í béèrè lọ́wọ́ mi.

Kí ló wá gbé irú èmi yìí dé ìdí iṣẹ́ ọlọ́pàá? Ọ̀rọ̀ kan tí n kò sọ ni.

Ní ọdún bí i mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Mo lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì gbé bébà àti bírò lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo lè kọ nígbà náà kò ju ìwọ̀n ọrùn, ìwọ̀n èjìká àti ìwọ̀n ìdí lọ, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò sí nínú ìwọ̀n ìdí. Ọkùnrin kan tí òun náà wá fi ẹjọ́ tirẹ̀ sùn ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu, òun yóò bá mi kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ pé ẹni tí ó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni ó kẹ́yìn ní àdúgbò lọ́jọ́ náà, kí wọ́n bi í bóyá ó rí nǹkan. Ohun tí ọkùnrin náà kọ sílẹ̀ ni pé mo fura sí ẹni tí ó ń tún bàtà ṣe. Mo fọwọ́ sí i. Aládùúgbò mi sun àtìmọ́lé mọ́jú. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, kò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo bàtà tí kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ìyẹn ni ó lé mi padà sílé ìwé nígbà tí mo ti pé ọmọ ogójì ọdún. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, lórí àga àwọn ọmọ ọlọ́dún méje. Bí mo bá jókòó, orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi, débi pé ìgbà mìíràn n kò mọ èyí tí mo gbé ìwé lé. Olùkọ́ wa tún òfin kan sọ títí ó fi di orin létí wa: ẹ ka ìbéèrè dé òpin, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tó dáhùn. Ìdánwò àkọ́kọ́ lé mi jáde. Ìkejì ní kí n ṣì máa bọ̀. Ìkẹta gbà mí. Mo fi ike bo ìwé ẹ̀rí náà, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́fà, mo sì pín àwọn ẹ̀dà náà sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé, nítorí iná, nítorí òjò, nítorí eku.

Oṣù yẹn gan-an ni olùkọ́ wa sọ fún wa pé wọ́n ń wá àwọn ọlọ́pàá agbègbè, àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní àdúgbò tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́ ọwọ́. Mo béèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà. Ó kù oṣù díẹ̀ kí n kọjá rẹ̀. Bí mo bá pàdánù ti ọdún yìí, kò sí òmíràn fún mi mọ́ láyé. Mo fẹ́ jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn ní tèmi. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ ohun tí ènìyàn sọ, kì í ṣe ohun tí ó rọ bírò lọ́rùn.

Mo ṣe àkójọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè sínú ìwé kan, mo sì ń fàlà sí èyí tí mo bá ti rí. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni ó ṣòro. Níwájú kóòtù, akọ̀wé kan jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó sì bi mí, láìgbójú sókè, pé ọmọ ọdún mélòó ni mo fẹ́ jẹ́. Mo ní mẹ́rìnlélógójì.

Ó wá gbójú sókè. Ó ní, “Bọ̀dá, mo ní mélòó lẹ fẹ́ jẹ́. N ò bi yín ní mélòó lẹ jẹ́.”

Mo ní iye kan náà ni. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń jókòó níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe bá a, àti pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, nígbà tí wọ́n fi ń lọ, ó kù díẹ̀ kí wọ́n di ìbejì.

Ti gíga ara, mo fi tépù mi wọn ara mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Mo rí i pé mo ga díẹ̀ láàárọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ àyẹ̀wò, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ tó dé, kí ilẹ̀ má baà fà mí kúrú. Wọ́n gbà mí.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, nínú ọgbà ilé ìwé kan tí a yá ní Òkè-Odò. Mo ń wọ ọkọ̀ dé ibùdókọ̀ Pleasure, mo sì ń fẹsẹ̀ rin ìyókù kí ara lè mọ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kó jọ. Sájẹ́ńtì obìnrin kan ni ọ̀gá wa, ọmọ tí kò lè ju ẹgbẹ́ àbúrò mi ìkẹyìn lọ. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí mi níbi tí a tò sí, ó rọra sún mọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ọmọ yín lẹ sìn wá?”

Mo ní rárá, mà, èmi ni mo wá. Ó wo orúkọ mi nínú ìwé. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, “ẹ” tí ó fún mi, ó gbà á padà. “Ó yá, ìwọ, gbé àyà sókè!”

Kò dùn mí. Òfin ni. Ohun tí ó ni mí lára ni ojú. Bí ó bá ń bá mi wí, mo máa ń wo ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa. Ó ní ẹni tí ó bá ń wo ilẹ̀, ó jalè ni. Ó ní kí n wo òun lójú. Nílé tiwa, ọmọ tí ó bá wo àgbà lójú nígbà tí àgbà ń bá a wí, wọ́n á ní kó mú ojú náà wá kí wọ́n bá a yọ ọ́. Nítorí náà mo wo iwájú orí rẹ̀, mo sì fi ara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú afurasí. Wọ́n fi mẹkáníìkì kan, ọmọ Ìbàdàn, ṣe olè. Òun ni ó sún mọ́ mi jù nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ó sì ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn mi. Kí iṣẹ́ náà lè dùn, ó fi òwú funfun ṣe irùngbọ̀n. Mo lé e, mo bá a, mo sì dì í mú. Mo ní, “Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a fẹ́ mú yín.”

Ọ̀gá wa fọn fèrè. Ó ní, “Olè lò ń pè ní ẹ?”

“Wọ́n dàgbà jù mí lọ, mà.”

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín títí. Mẹkáníìkì yọ irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Télọ̀, tí olè bá ti hu irùngbọ̀n funfun ṣá, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn. Àwọn olè Alímọ́ṣọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa irùngbọ̀n láró sí funfun.”

Ọ̀gá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, a óò ṣe ìdánwò ẹnu ọ̀nà. Olúkúlùkù yóò dá ṣọ́ géètì, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìyẹ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá kùnà, yóò padà sílé. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ, tí orúnkún rẹ bá tún kan ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú aṣọ yìí, lọ máa gán aṣọ rẹ.”

Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ àṣedánwò. Ìyàwó mi dé fìlà bàbá rẹ̀, ó mú ọ̀pá ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀, ó ń wúkọ́ bọ̀ láti yàrá. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni ó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni ó bá mi nílẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé ìyàwó mi ni, tí mo mọ̀ pé fìlà yẹn kò tilẹ̀ bá a mu, ikọ́ yẹn ni kò jẹ́. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó sì ṣí fìlà kúrò lórí.

Ó ní, “Àfi ká wá igi so mọ́ yín lẹ́sẹ̀.”

Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí. Aṣọ líle kan wà tí a ń fi sínú kọ́là kí ó lè dúró gbọnin, a ń pè é ní sítéè. Mo gé e ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti àárín itan dé àárín ojúgun, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná, mo sì rán wọn mọ́ inú ṣòkòtò iṣẹ́ mi, iwájú àti ẹ̀yìn, ní ọ̀nà tí ojú kò fi lè rí i láti ìta. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, mo dúró bí àkàbà. Mo gbìyànjú láti tẹ orúnkún, orúnkún kọ̀. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ó sọ mí di akọni nínú páréèdì. Ẹsẹ̀ tí kò lè tẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó na lọ. Ọ̀gá wa dá gbogbo ìlà dúró, ó ní kí wọ́n wo bí Télọ̀ ṣe ń yan. Àwọn ọmọ ogún ọdún ń wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá wọ ọkọ̀, n kò lè ká ẹsẹ̀ mi sábẹ́ àga, mo ń nà wọ́n sí àárín ọ̀nà, àwọn èrò sì ń bi mí bóyá mo ra ìjókòó ẹlòmíràn mọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, n kò ní sọ ọ́ níhìn-ín.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Wọ́n kó wa sẹ́yìn ilé ìwé kí a má baà rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó padà wá sọ fún wa. Èmi ni wọ́n pè kẹ́yìn.

Géètì náà tóóró, gíga mi gan-an ni fífẹ̀ rẹ̀. Mo dúró ti òpó rẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bí i márùn-ún, bàbá kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ewú bo orí rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ó ń ti ọ̀pá, ó sì ń wúkọ́. Ikọ́ náà ju ti ìyàwó mi lọ, ó dá mi lójú pé ogójì ọdún ni ó ti ń kọ́ ọ. Ó dé iwájú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà darúgbó.”

Àdúrà ni ó fi pa mí. Orí mi tẹ̀, ẹ̀yìn mi tẹ̀, àyà mi sì kọjú sílẹ̀. Orúnkún nìkan ni kò lè bá wọn lọ. Mo wó. Mo wó gbalaja bí igi pákó, láti ìka ẹsẹ̀ dé iwájú orí, mo sì yí dábùú géètì, orí mi wà lẹ́bàá òpó kan, ẹsẹ̀ mi wà lẹ́bàá èkejì. Eruku bo àwa méjèèjì.

Nígbà tí eruku náà lọ sílẹ̀, mo ṣì rántí iṣẹ́ mi. Mo ní, “Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, káàdì ìdánimọ̀ yín.”

Bàbá ní kí n dìde kí òun kọjá. Mo ní n kò lè dìde. Òótọ́ ni mo sọ, mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó wò mí, ó sì dá a padà. Mo mọ ohun tí ó ń rò. Kò sí àgbà kan tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí yóò fo ọmọ ọlọ́mọ dá ní ojúmọmọ. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe wà, èmi kò lè dìde, òun kò lè kọjá, ìtọ́sọ́nà àwọn òbí wa sì dí géètì náà ju irin lọ.

Ọ̀gá wa sáré jáde láti ibi tí ó fara pamọ́ sí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọ̀gá àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, òun ni wọ́n sì fi ń dán gbogbo wa wò. Mo tún gbọ́ bí ó ṣe rí fún àwọn yòókù. Gbogbo wọn ni ó ti jẹ́ kí ó wọlé. Ẹnì kan sáré lọ gbé àga fún un. Ẹnì kan lọ ra omi wá, ó sì fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mẹkáníìkì, olóríire, bá a gbé àpò rẹ̀ wọlé, ó sì bi í bóyá ó ní ọmọbìnrin.

Mẹkáníìkì àti ẹlòmíràn gbé mi dìde bí ẹni gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá wa wo ẹsẹ̀ mi. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lu orúnkún mi, ó dún kọ́, kọ́, kọ́.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

Kí n tó lanu, mẹkáníìkì ti bá mi dáhùn. Ó ní àrùn eegun ni, mà, ó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́, ojú ló ń tì í láti sọ. Irọ́ náà dára. Ó bọ́ sí ẹnu mi bí oúnjẹ tí a ti rún fún mi, kí n ṣáà gbé e mì. Bí mo bá mi orí lásán, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó tún ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí n kò sọ yìí, mo sì mọ ibi tí irú rẹ̀ gbé aládùúgbò mi sùn.

Mo ní, “Sítéè ni, mà. Èmi ni mo rán an síbẹ̀ kí n má baà dọ̀bálẹ̀.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti tún aṣọ ìjọba rán, pé òun sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n lọ kó ẹrù mi. Ohun gbogbo tí mo ti kó jọ láti ọdún mẹ́rin, àga ọmọ ọlọ́dún méje, ìdánwò mẹ́ta, ẹ̀dà mẹ́fà, mo rí i tí ó ń lọ. N kò bẹ̀bẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ láìdọ̀bálẹ̀.

Bàbá ni ó sọ̀rọ̀. Ó ti ń gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀. Ó ní, “Jẹ́ kó tú u. Mo fẹ́ wo ohun tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn.”

Aránṣọ kì í rìn láìmú abẹ. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo na ẹsẹ̀, mo sì ń tú ojú rírán níwájú gbogbo wọn, mo ń fa sítéè jáde bí ẹni ń fa eegun ẹja. Kò yá. Mo ti rán an dáadáa. Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Télọ̀, jàre, o ò ṣe fi sílẹ̀ ní àrùn eegun?” Nígbà tí mo dìde, orúnkún mi fúyẹ́ bí ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú àìsàn.

Bàbá padà lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì tún ń bọ̀. Ó wúkọ́. Ó kí mi. Ó tún àdúrà náà ṣe, ó tilẹ̀ fi ti àwọn ọmọ mi kún un. Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀. Mo rí bàbá mi, mo rí àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn agbádá funfun yẹn, wọ́n ń dúró de àyà mi nílẹ̀. Mo fi ẹnu kí i. Mo fi orí kí i díẹ̀. Mo sì dúró.

“Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, káàdì ìdánimọ̀ yín.”

Ó nà án sí mi. Àwòrán rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni. Mo gbọ́ tí mẹkáníìkì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní kí a yí i padà, kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo yí i padà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ọjọ́ káàdì yìí ti kọjá láti ọdún méjì sẹ́yìn. N kò lè jẹ́ kí ẹ wọlé.”

Èyí kò sí nínú ìdánwò. Mo mọ̀ ọ́n láti ojú ọ̀gá wa. Bàbá gba káàdì náà, ó yọ awò ojú jáde, ó kà á, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá wa bá mi sọ̀rọ̀ ní ohùn tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn ọmọ ilé. Ó ní, “Ọ̀gá mi nìyẹn o. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́.”

Mo ní mo gbọ́, mà. Mo ní òfin tí ó kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kìíní sọ pé àlejò tí kò ní káàdì lè wọlé bí ẹni tí ó wà nínú ọgbà bá jáde wá fọwọ́ sí ìwé fún un. Mo na ìwé náà àti bírò sí i. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo rí i pé mo ń wò ó lójú, kì í ṣe iwájú orí. Òun ni ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Ó fọwọ́ sí i. Bàbá dúró nínú oòrùn títí ó fi kọ ọ́ tán, ó sì wọlé. Nígbà tí ó kọjá mi tán, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, mo rò pé ikọ́ ni. Ẹ̀rín ni.

Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Àwọn tí ó kùnà tún ìdánwò ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nítorí bí wọ́n bá lé gbogbo wọn, èmi nìkan ni yóò kù láti yan níwájú àwọn àlejò ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọ̀gá wa sì ní òun kò lè fi ènìyàn kan ṣe ìlà mẹ́rin. Ìjìyà tèmi, nítorí aṣọ ìjọba tí mo tún rán, ni pé kí n bá gbogbo ẹgbẹ́ wa gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn kúrú. Gbogbo rẹ̀ ni ó gùn jù. Mo wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Tábìlì tí wọ́n fi mí sí wà ní àgọ́ tí mo ti fi ẹjọ́ sùn lọ́jọ́sí, ní ọ̀nà Ìkòtún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi níbẹ̀, ẹni tí ó ń tún bàtà ṣe wọlé. Ewú ti kún orí rẹ̀. Orúnkún mi gbọ̀n nísàlẹ̀ tábìlì, ó sì dúró. Ó ní wọ́n jí àpótí iṣẹ́ òun. Mo mú bébà, mo ní kí ó sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí ó ti bú àwọn olè náà ní ìyá àti ní bàbá. Mo kà á sí i létí. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Kí ó tó fọwọ́ sí i, ó ní, “Ó yẹ kí ìwọ yìí ti wà níbí lọ́jọ́ yẹn.”

Mo ní, “Mo wà níbí, sà. N kò mọ̀wé ni.”

Ó fọwọ́ sí i. Ó dìde, ó sì dúró níwájú tábìlì, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti wọlé, o ò tíì dọ̀bálẹ̀ fún mi.”

Mo ní inú aṣọ iṣẹ́ ni mo wà, kí ó jọ̀ọ́, kí ó ní sùúrù títí mo fi máa ṣíwọ́. Ó bi mí ní aago mélòó. Mo ní aago mẹ́rin.

Nígbà tí mo pààrọ̀ aṣọ, tí mo sì jáde ní aago mẹ́rin, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró sí ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ díẹ̀, ó ti ṣa àwọn òkúta ibẹ̀ kúrò, ó sì ń retí mi.